Òkúta Tí Mo Yàn fún Abẹ Ọmọ Ọjọ́ Mẹ́jọ

Òórùn òkúta tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ bà kò tíì kúrò nímú mi títí di òní. Bí òjò bá ti kọ́kọ́ kán sórí àpáta, ọkàn mi á ti padà sí Ìkirè, sí abẹ́ igi odán tí ọ̀gá mi ti ń ṣe gbàjámọ̀, ní ọdún díẹ̀ kí òmìnira tó dé. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti kọ́ iṣẹ́ ìfárí. Nígbà tí mò ń wí yìí, ó ti yọ̀ǹda mi, mo ti pa àtíbàbà tèmi ní Àpòmù, mo sì ń rìn káàkiri bí ẹni pé èmi ni mo ni gbogbo irun tó wà láàárín ìlú méjèèjì.

Ẹni tí kì í ṣe onígbàjámọ̀ lè rò pé bí abẹ bá ti mú, iṣẹ́ ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òkúta tó le ni a fi ń jí ojú abẹ tó ti kú, ìyẹn kò ṣòro. Èyí tó ṣòro ni òkúta àṣekágbá, èyí tí a fi ń pọ́n abẹ kẹ́yìn kí a tó nà án lórí awọ. Òun ló ń kọ́ abẹ ní ìwà. Ọ̀gá mi ní ọ̀kan tó ti jẹ títí àárín rẹ̀ fi tín-ín-rín bí ọṣẹ tó kù díẹ̀ kó tán. Etí odò Ọ̀ṣun, lápá Aṣéjìrè, ni ọ̀gá tirẹ̀ ti ṣà á. Èmi kò ka òkúta ọ̀hún sí nǹkan kan. Mo ti ra tèmi ní Gbọ̀ngán, òkúta òyìnbó tó wà nínú páálí, ó dúdú, ó ń dán, kì í sì í fi àkókò ẹni ṣòfò. Bí abẹ bá ti fara kàn án díẹ̀, irun apá á máa já wìtìwìtì. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà, àmọ́ ta ló ń wá àkísà lọ́jọ́ orí yẹn?

Ní ọdún náà, àìsàn kan bá ọ̀gá mi jà, nígbà tó sì lọ, ó fi ọwọ́ gbígbọ̀n sílẹ̀ fún un. Àkọ́bí rẹ̀ obìnrin ti wà nílé ọkọ fún ọdún pípẹ́ láìgbọ́ ẹkún ọmọ. Bí oyún bá dúró, á tún wálẹ̀, títí ọ̀rọ̀ àwọn ará ilé ọkọ fi ń gún un lára. Nígbà tó wá bí ọmọkùnrin, ayọ̀ àti ẹ̀rù ló jọ wọlé tọ̀ wọ́n wá. Ní ọjọ́ kẹjọ ni ààfáà yóò sọ ọmọ lórúkọ, tí a ó sì fá irun tó gbé wáyé. Ọjọ́ ti pẹ́ tí ọ̀gá mi ti ń sọ pé òun ni òun máa fá orí ọmọ náà bí Ọlọ́run bá fún ọmọ òun lọ́mọ. Ó wá ku ọ̀la, ó ránṣẹ́ pè mí ní Àpòmù. Mo gun kẹ̀kẹ́ mi lọ.

Mi ò tíì dìde lórí ìdọ̀bálẹ̀ tó fi sọ̀rọ̀. "Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ọwọ́ mi ti kọ̀ jálẹ̀, ìwọ lo máa fá a. Yan òkúta tó o máa fi parí abẹ."

Ó gbé òkúta tirẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ tèmi lórí àpótí. Mo bi í pé, "Èwo lẹ fẹ́ kí n lò, Bàbá?"

"Bí mo bá bá ọ yàn án lónìí, ta ló máa bá ọ yàn án lọ́la?"

Mo mú òkúta dúdú. Mo pọ́n abẹ, mo nà án, mo gbé e lé apá mi, irun já. Mo na apá sí i kó rí i. Kò wo apá mi rárá. Ńṣe ló ṣí fìlà rẹ̀. "Orí mi ni kó o kọ́kọ́ fá."

"Háà, Bàbá!"

"Wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Olórí ló jókòó yìí."

Mo fi omi rin orí rẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀. Ó ń lọ geere láti iwájú dé ìpàkọ́, inú mi sì ti ń dùn, àfi ìgbà tí mo dé ẹ̀yìn etí òsì. Ẹ̀jẹ̀ ni mo rí kí n tó mọ̀ pé mo ti gé e. Kò mira. Ó fi aṣọ tẹ ibẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yìn etí nìkan ló ṣì rọ̀ lára èmi arúgbó. Irun apá rẹ le, ó dúró de abẹ. Irun ọmọ tuntun máa tẹ̀ ni, awọ ni abẹ máa bá. Bó bá ṣe pé àwújẹ̀ lo wà yìí ńkọ́?"

Mo gbé abẹ sílẹ̀. Mo ro ibi rírọ̀ tó ń mí lókè orí ọmọ ọwọ́, mo sì ro ìyá rẹ̀. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ ohun tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́.

Mo na ọwọ́ sí òkúta odò. Omi kì í sá lórí tirẹ̀, ńṣe ló ń jókòó. Bí mo ti ń fi abẹ lọ, tí mo ń fi bọ̀, ariwo rẹ̀ ń rọlẹ̀, omi náà ń dà bí omi ògì, títí mi ò fi gbọ́ nǹkan kan mọ́, àfi pé ó ń fa abẹ mọ́ra jẹ́jẹ́. Oòrùn ti ń wọ̀ kí n tó gbé e kúrò. Ọ̀gá mi yí etí ọ̀tún sí mi. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ó ní, "Kí lò ń dúró dè? Bẹ̀rẹ̀."

Mo ní, "Mo ti fá a tán, Bàbá."

Kò yìn mí. Ó kàn dé fìlà rẹ̀.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ìyá ọmọ gbé e sórí itan, ó sì dijú kí ó má baà rí abẹ. Mo fá orí náà yípo, mo fá orí àwújẹ̀ tó ń sọ kúlúkúlú lábẹ́ ìka mi. Ọmọ náà ń sùn. Nígbà tí mo nù ún tán, tí mo ní kí ìyá lajú, ó wo orí ọmọ rẹ̀ títí, ó bú sẹ́kún. Ọ̀gá mi kọjú sí ògiri.

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni ó kú. Mo wà lára àwọn ọkùnrin tó wẹ òkú rẹ̀. Nígbà tí a yí orí rẹ̀ láti bu omi sí i, mo rí àpá náà lẹ́yìn etí òsì, kò ju hóró ìrẹsì lọ. Ọ̀tún ń dán. Omi tó wà lọ́wọ́ mi dà nù, wọ́n ní kí n jáde lọ simi díẹ̀.

Lónìí, inú bébà ni abẹ ti ń wá, orí kan abẹ kan, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ìdí ilẹ̀kùn ni òkúta dúdú mi wà, òun ni kì í jẹ́ kí atẹ́gùn tì í. Òkúta odò wà nínú àpótí aṣọ mi. Ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ náà ti di arúgbó, ó ti hewú. Bí ọdún Iléyá bá dé, ó máa ń wá kí mi, á ṣí fìlà, á tẹrí ba, èmi á sì gbé ọwọ́ lé e lórí, màá rọra fi ìka wá gbogbo rẹ̀ yípo. Àdúrà ló rò pé mò ń ṣe fún òun. Mò ń ṣe é lóòótọ́. Ṣùgbọ́n mò ń wá àpá pẹ̀lú, n kì í sì í rí i. Orí ẹlòmíràn ni àpá tirẹ̀ wà, ó sì ti bá onítọ̀hún wọlẹ̀.