Ẹ̀gbọ́n Tó Fi Ìwé Ogun Kọ́ Faransé

Bí mo bá gbọ́ tí ẹnìkan ń kàwé sókè ketekete, ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní àdúgbò Temple, ní Calgary, ni mo máa ń rántí. Work permit wọn ti fẹ́ tán, ìdánwò Faransé nìkan ló sì kù kí wọ́n tó lè gba PR, ìwé àṣẹ láti máa gbé Canada títí. Ìwé àwòrán àtijọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ èdè náà, ìtàn àwọn sójà àti kábọ́ì tí wọ́n tún tẹ̀ ní Faransé. Wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á dìde dúró bí ẹni tó fẹ́ ka Bíbélì, wọ́n á wá máa pariwo bí ọ̀gágun ní basement: “En avant!” Ẹ tẹ̀ síwájú!

Ìyàwó wọn á ní, “Daddy, ṣé olùdánwò lẹ fẹ́ yìnbọn pa ni?”

“Ojo kì í gba ìlú,” lèsì wọn.

Lọ́jọ́ ìdánwò, wọ́n fi Faransé ròyìn snow Calgary bí ọ̀tá tí wọ́n ṣẹ́gun. Wọ́n yege, PR sì dé. Ọlọ́run mà ṣeun o!

Nígbà tí wọ́n ń jẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé ìwé ogun náà sókè pẹ̀lú Bíbélì, wọ́n kígbe, “En avant!”

A ò gbọ́ Faransé, ṣùgbọ́n gbogbo ìjọ fò dìde: “Àmín!”