Màmá Kòjókòó Ò Gbénú Igbó

Kòjókòó ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí ìdí ẹ̀ àti àga ò rẹ́ rárá. Bó jókòó tán, á dìde. Bó dìde, á lọ yọjú lójú fèrèsé bí ẹni tí wọ́n ń pè níta. Iṣẹ́ ìjókòó sì niṣẹ́ ẹ̀, ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ya máàpù ìlú! Sátẹ́láìtì kan wà lókè tó ń ta ìtànṣán sílẹ̀, bí ẹni ń ké "Hóò!" sí ìlú. Ògiri tó bá kọjú sí i á dá a lóhùn gbòò. Omi á ṣe bíi pé òun ò gbọ́. Ewé á kàn máa kùn wúyẹ́wúyẹ́. Ohùn tó bá padà ni kọ̀ǹpútà fi ń kun máàpù: pupa fún ilé, dúdú fún omi, àwọ̀ ewé fún igbó.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, kọ̀ǹpútà kun àdúgbò màmá ẹ̀ ní igbó. Igbó ke! Aago méjì ọ̀sán sì ni máàpù ń lọ sí káńsù, àwọn tó ń wá ibi tí èèyàn ò gbé tí wọ́n máa gbé ààtàn ìlú sí.

"Ọ̀gá, ẹ jẹ́ n fọwọ́ tún un kùn."

Ọ̀gá fa awò ojú wá sórí imú, ó fi ohùn imú ẹ̀ yẹn ní, "A kì í fọwọ́ kun máàpù níbí. Bí gbogbo ẹni tó ní ìyá bá ń kun tiẹ̀ ńkọ́? Mú ẹ̀rí wá. Òkèèrè la ti ń wo igi ganganran."

"Òkèèrè tiyín ti jìn jù, ọ̀gá! Inú igbó yẹn ni wọ́n ti wẹ̀ mí ní kékeré."

Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, títí akọ̀wé fi ní, "Rọra o, o máa gbẹ́ ilẹ̀ yìí kan omi." Ló bá pe ìyá ẹ̀.

"Ẹ kú ọ̀sán mà. Ẹ jọ̀ọ́, ibo nilé wa kọjú sí?"

"O ti gbàgbé ilé bàbá ẹ? Kò kọjú síbì kankan! Ẹni tó kọ́kọ́ kọ́lé níbí tẹ̀lé gọ́tà, gọ́tà sì wọ́, gbogbo wa bá a wọ́. Bí mo bá jókòó sẹ́nu ọ̀nà báyìí, èjìká ni mo fi ń kí ará òpópó."

Kòjókòó fò sókè. Èjìká! Ẹ̀gbẹ́ àwọn ilé yẹn ni ariwo sátẹ́láìtì ń bà, ohùn wọn wá ń gba ibòmíì lọ. Tó bá pè wọ́n láti apá kejì ńkọ́? Ó sáré ṣí àwòrán ìjẹta, èyí tí sátẹ́láìtì yà nígbà tó ń gba òdìkejì ìlú kọjá. Àdúgbò náà tàn yòò bí eyín ẹni tó jẹun yó.

Aago méjì ku ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ọ̀gá wo àwòrán kìíní, ó wo ìkejì, ó tún padà wo ìkíní.

"Hẹn-ẹn. Ìyá ẹ ò gbénú igbó." Ó ní kí kọ̀ǹpútà pa méjèèjì pọ̀, pupa bá yọ. "Ó yá, lọ jókòó."

Kòjókòó ò jókòó. Ó fi ìka lé igbó mẹ́ta míì, tí gbogbo wọn wọ́ bíi gọ́tà.

"Ọ̀gá, ìyá ta ló wà nínú èyí?"

Ọ̀gá wo aago, ó mí kanlẹ̀. Ó gbé fóònù: "Ẹ̀yin ará káńsù, ó di ọ̀la o." Lòun náà bá dìde.