Fàdìlàt Lórí Bẹ́ńṣì

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Tàjúdéènì ti ń ta obì ní Ṣàgámù. Bó bá fojú kan gbànja lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ èyí tí kòkòrò wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ló mọ̀ nípa bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n? Kò mọ nǹkan kan, ẹ má jẹ́ ká purọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń gbé e kúrò nídìí ọjà rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé: ó fẹ́ rí Fàdìlàt ọmọ rẹ̀ lójú pápá. Ọmọ náà ga débi pé ó ń tẹrí ba kó tó wọlé, wọ́n sì ní kò sẹ́ni tó lè bá a du bọ́ọ̀lù lókè.

Ó ti lọ lẹ́ẹ̀mejì, orí bẹ́ńṣì ló bá a. Ìgbà kẹta rèé, àwọn ọmọ Ìperu sì ti ń na ẹgbẹ́ Fàdìlàt.

"Kóòṣì yìí ò mọ nǹkan tó ń ṣe," Akóredé ọlọ́kadà tó jókòó tì í wí. "Èèyàn gíga méjì ló ní, ọ̀kan péré ló fi sójú pápá."

"Gíga méjì lẹ́ẹ̀kan náà kẹ̀?" Látífàt tó ń ta káàdì fèsì. "Ìperu ń sáré. Ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó ti rẹ Fàdìlàt."

"Irọ́ ni. Ní Ìkẹ́nnẹ́ lọ́jọ́rú, ogún ìṣẹ́jú ló lò, kò mí hẹlẹhẹlẹ."

Tàjúdéènì ń wo ẹnu tọ̀hún, ó ń wo ẹnu tìhín. Ti Akóredé jọ òótọ́, ti Látífàt náà jọ òótọ́. Ló bá dá tiẹ̀ sí i: "Ẹ ò mọ̀ ni. Obì tó bá tóbi, a kì í tètè kó o jáde. À ń tọ́jú ẹ̀ dìgbà tí ọjà bá wọ́n."

"Bàbá, èèyàn kì í ṣe obì," Látífàt wí, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí.

Nígbà tí wọ́n sinmi ní ìdajì eré, ó lọ bá Olúkẹ́mi, ọ̀dọ́mọbìnrin tó jẹ́ kóòṣì wọn. Ó na gbànja méjì sí i, ó ń dúpẹ́ pé ó ń tọ́jú ọmọ òun dáadáa.

Ojú ti Olúkẹ́mi. "Ẹ má bínú sà. Èmi kọ́ ni mo ní kó jókòó. Òun ló máa ń bẹ̀ mí. Tó bá ti rí yín, ara rẹ̀ ò ní balẹ̀ mọ́. Ó ní òun ò lè wọ ṣòkòtò péńpé sá kiri níwájú bàbá òun."

Tàjúdéènì dúró, obì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òun tó wá wò ó, òun náà ló ń dí i lọ́nà? Ta ló sọ fún un pé òun á bínú? Àbí òun ti sọ bẹ́ẹ̀ rí, tóun gbàgbé? Orí rẹ̀ dàrú. Ó wo Fàdìlàt lọ́ọ̀ọ́kán. Ọmọ náà sorí kodò, ó fi tówẹ̀lì bo orúnkún méjèèjì.

Ó bá ẹnu géètì jáde, ó lọ dúró sẹ́yìn ògiri. Fèrè dún. Kò pẹ́ rárá, ni ariwo bá gba inú ọgbà. Orúkọ ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń pè, ṣùgbọ́n láti ẹ̀yìn ògiri, kò rí ohun tí ọmọ náà ṣe.