Ọjọ́ Tí Ìjọba Wá Wò Bóyá A Lè Kàwé

Ẹ sún mọ́bí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Ìyá Alágbàfọ̀ fún yín.

Aṣọ ọsibítù ló ń fọ̀, ọdún mọ́kàndínlógún rèé. Tẹ́lẹ̀, àpò pupa ni wọ́n ń kó aṣọ àwọn tí àìsàn wọn ń ràn sí, àpò funfun ni ti àwọn yòókù. Ojú lásán tó o. Ìgbà tí wọn ò wá rí àpò pupa rà mọ́, gbogbo ẹ̀ di funfun, ó wá ku ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lára. Ìyá Alágbàfọ̀ ò sì mọ̀wé. Ó ki ọwọ́ bọ àpò kan báyìí, abẹ́rẹ́ gún un. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ń dúró kí wọ́n sọ bóyá ẹ̀jẹ̀ òun ṣì mọ́. Kò sọ fún ọkọ, kò sọ fún ọmọ. Èmi aránṣọ tí a jọ ń gbélé nìkan ló sọ fún. Ọlọ́run yọ ọ́. Ọjọ́ kejì ló fà mí lọ́wọ́ lọ sí kíláàsì àwọn àgbà. Mo ní mo níṣẹ́ lọ́wọ́. Ó ní, "Dákẹ́, ìwọ tí o ń bẹ ọmọ ọlọ́mọ kó bá ẹ ka nọ́ńbà tó wà lórí téèpù."

Bẹ́ǹṣì ọmọdé ni wọ́n kó fún wa, orúnkún wa fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Ìjọba ló ń sanwó tíṣà, àwọn ló ń ra ìwé. Àfi bí lẹ́tà ṣe dé pé wọ́n fẹ́ gé owó náà. Ọ̀gá kan ń bọ̀ wá wò wá. Tí a ò bá pé ẹni mẹ́jọ tó lè kàwé, kíláàsì kú nìyẹn. Àwa sì rèé, mẹ́jọ géérégé.

Ẹ̀rù ba Tíṣà jù wá lọ. Ó ní kí kálukú mú ojú ewé kan, kó há a sórí bí orúkọ ìyá ẹ̀. Mo mú ẹ̀kẹta. Ìyá Alágbàfọ̀ mú ìkeje, ó ń kà á lábẹ́ ẹ̀mí níbi tó ti ń fọṣọ.

Ọ̀gá náà dé, ojú ẹ̀ le bí ẹni tí bàtà há mọ́ lẹ́sẹ̀. Oníkálukú dìde, ó ka tiẹ̀. Ẹni méje lọ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ̀yin ló kàn, mama."

Ìyá Alágbàfọ̀ dìde. Ló bá bẹ̀rẹ̀ wàràwàrà, ojú ewé keje látòkè délẹ̀, ìwé sì wà ní pípadé lábẹ́ abíyá ẹ̀!

Mo gé etí gèlè mi jẹ.

"Mama, ẹ ò tíì ṣíwèé o." Ọ̀gá gba ìwé, ó ṣí ojú ewé kan tí a ò tíì dé rí, ó sì tọ́ka sí ìlà àkọ́kọ́.

Ìyá fi ìka sí i. Òógùn ń kán sórí ìwé. "O... mi. Omi. Gbó... gbóná..." Ó dúró. Ó pẹ́. Ó pẹ́ títí. Ọ̀gá mú bírò, ó kọ nǹkan.

"Kí lẹ kọ nípa mi, ọ̀gá?"

"Ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì ni. Ẹ jókòó."

Kò jókòó. Ó na ọrùn sórí tábìlì, ó gbé ìka yẹn lé ìwé ọ̀gá. "Kò... lè... ka... ìwé." Ó gbójú sókè. "Èmi lẹ ń bá wí?"

Tíṣà fọwọ́ bojú. Mo ní ó parí, ó ti bí ọkùnrin yìí nínú, ó ti pa gbogbo wa.

Ọ̀gá wo ìka yẹn títí. Ó fa igi lé ohun tó kọ, ó kọ òmíràn, ó wá yí ìwé náà kọjú sí i.

"Ó... ń... kà. Kò... yára."

"Òótọ́ nìyẹn," ni Ìyá wí. "Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ti pẹ́ níbi iṣẹ́."

Ló bá gbé báàgì ẹ̀, ó jáde, ẹni kẹjọ wa.