Rédíò Tí Omi Ò Lè Bà Jẹ́

Wọ́n ní ká máa dárí jin ara wa. Mo ti gbọ́. Àmọ́ ohun tó ń dun ni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni, ọkùnrin tó ta rédíò fún wa l'Ẹ́dẹ kò sì tíì kúrò lọ́rọ̀ mi.

Ayé ṣọ́jà ni. Epo mọ́tò wọ́n bí imí eégún, ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ sóko dákẹ́. Ọkọ mi bá ń fi ọkọ̀ ojú omi kó iṣu wa gba orí adágún omi ẹ̀rọ. Lásìkò òjò, ẹ̀rù máa ń bà mí. Mo ní ká ra wokitọ́kì, rédíò ọwọ́ méjì tí a lè fi bára wa sọ̀rọ̀ láti òkèèrè, kí n lè sáré pe àwọn apẹja bí nǹkan bá ṣe é.

Ọjà òkèèrè ò wọlé mọ́ àfi fàyàwọ́, ọkùnrin yìí nìkan ló sì ní in. A ò mọ̀ ọ́n yàn. Bí a ṣe ń yan rédíò tí a fi ń gbọ́ wákà la ṣe yàn án: èyí tó pariwo jù nínú ṣọ́ọ̀bù la mú. Èyí tí wọ́n fi rọ́bà dì yíká, tí ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, a ní kò lágbára. Ọkùnrin náà mọ èyí tó yẹ wá, ó dákẹ́.

Mo bi í pé, "Ẹ̀gbọ́n, bómi bá kàn án ńkọ́?"

"Ìyàwó wa, bó já sómi pàápàá, kò séwu. Fọkàn balẹ̀."

Ẹnu dùn-ún ròfọ́.

Òjò ọ̀sán kan ló dojú ọkọ̀ dé. Ọkọ mi rọ̀ mọ́ kùkùté igi láàárín omi, ó ń pè mí nínú rédíò. Èmi dúró sétí omi, mo gbé tèmi sétí, kò sóhùn. Kí àwọn apẹja tó ṣèèṣì rí i, òtútù ti wọ̀ ọ́ láyà. Kó tó kú, ó ní òun pè mí títí ohùn òun fi há.

Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Nígbà tí mo bọ́ aṣọ opó, mo lọ sọ fún ọlọ́jà náà pé àwọn apẹja lódìkejì omi ń wá rédíò rà. Ojúkòkòrò mú un, ó di ọjà, ó wọ ọkọ̀ mi. Láàárín omi, mo gba irú èyí tó tà fún wa, mo rì í bọ omi, mo gbé e fún un.

"Ẹ pe ará ilé yín."

Ó tẹ̀ ẹ́ títí, kò dún. Mo gbé àjẹ̀ lé itan, mo ń mi ọkọ̀ díẹ̀díẹ̀. Kò mọ̀wẹ̀.

"Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́! Ẹ ṣàánú mi!"

Mo jẹ́ kó ké dáadáa. Ó dùn mọ́ mi, mi ò purọ́. Nígbà tó yá, mo wa ọkọ̀ padà sétí omi, ó sì délé bá ìyàwó rẹ̀. Ìyẹn gan-an ló ṣì ń bí mi nínú.