Òòfà Tí Bàbá Òtútù Fẹnu Ara Rẹ̀ Yìn

Bí ènìyàn bá sọ òtítọ́, tí òtítọ́ náà sì pa ohun tó fẹ́ràn jù láyé, ta ni ká dá lẹ́bi? Mo ti bi Ọlọ́run, mo ti bi ara mi. Àwọn ọmọdé ni mò ń kọ́ nílé ìjọsìn, mo sì máa ń sọ fún wọn pé ẹni tó bá ń sọ òtítọ́ kò ní nǹkan kan láti bẹ̀rù. Tọkàntọkàn ni mo fi ń sọ ọ́. Àmọ́ láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ Bàbá Òtútù ti ṣẹlẹ̀, bí mo bá dé ibẹ̀ nínú ẹ̀kọ́, ṣe ni mo máa ń yára ṣí ojú ìwé tó kàn.

Bàbá Òtútù kì í ṣe orúkọ tí wọ́n fún un lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ló fún un. Òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ ńlá tó ń ya àwòrán inú ara nílé ìwòsàn wa. Ẹ̀rọ náà rí bí àgbá ràgàjì tí wọ́n dá dùbúlẹ̀, ihò wà láàárín rẹ̀ tí wọ́n máa ń ti aláìsàn wọ̀. Òòfà ni, òòfà tó lágbára débi pé ó lè já kọ́kọ́rọ́ gbà lápò ènìyàn. Wáyà tí wọ́n ká jọ bí òwú ló wà nínú rẹ̀, wọ́n sì ri wáyà ọ̀hún sínú hílíọ́mù, omi kan tí òtútù yìnyín kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Bí wáyà náà bá ti tutù tó bẹ́ẹ̀, iná mànàmáná á máa yí po nínú rẹ̀, kò ní rẹ̀ ẹ́, ohunkóhun kò ní dí i lọ́nà. Ẹ fi iná sí i lẹ́ẹ̀kan péré, ẹ yọ okùn iná kúrò, á máa yí lọ. Ọdún tí ìyàwó Bàbá Òtútù bí ọmọ wọn obìnrin ni wọ́n fi iná sí òòfà yìí. Ìyàwó kú, ọmọ dàgbà, iná yẹn ṣì ń yí.

"Arúgbó" ló ń pe ẹ̀rọ náà. Lẹ́yìn ògiri yàrá rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan wà tó ń mú hílíọ́mù tutù kó má baà fẹ́ lọ. Ìyẹn máa ń dún ṣìn-ìn, ṣìn-ìn, láìsinmi, Bàbá Òtútù á sì ní, "Ẹ gbọ́, Arúgbó ń kọrin." Ó so pínnì ìwé kan mọ́ òwú, ó fi kọ́ sẹ́nu ọ̀nà. Òòfà á fa pínnì náà, á nà gbọọrọ nínú afẹ́fẹ́ bí ìka tó ń tọ́ka sí nǹkan. Bó bá dé láàárọ̀, kó tó kí ẹnikẹ́ni, pínnì yẹn ló máa kọ́kọ́ wò.

"Ẹ yọ gbogbo irin ara yín o," ló máa ń sọ fún àwọn aláìsàn. "Olójúkòkòrò ni Arúgbó yìí. Ó ti gba garawa lọ́wọ́ agbálẹ̀ rí, kò sì tọrọ gáfárà."

Obìnrin kan dá a lóhùn lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, ọkọ mi wà níta yẹn. Ṣé kò lè bá mi gba òun náà?"

"Àfi bó bá ní irin lára."

"Orí kunkun rẹ̀ nìkan tó irin."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí wọ́n fi ní láti dúró kí obìnrin náà tó lè dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́.

Ẹ̀gbẹ́ Arúgbó ni ọmọ Bàbá Òtútù dàgbà sí. "Ìyá mi" ni bàbá rẹ̀ ń pè é. Àwọn nọ́ọ̀sì ń pè é ní Òtútù Kékeré. Bó bá ti ilé ìwé dé, á jókòó sórí àga tó ń yí nínú yàrá kékeré onígíláàsì, á máa ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ pẹ̀lú orin ṣìn-ìn, ṣìn-ìn yẹn létí. "Lọ́jọ́ tí o bá kàwé tán," bàbá rẹ̀ á ní, "ọwọ́ rẹ ni màá fa Arúgbó lé." Ọmọ gbà á gbọ́. Iṣẹ́ òtútù àti wáyà yẹn gan-an ló lọ kọ́ ní yunifásítì, níbi tó jìnnà.

Lẹ́yìn náà ni hílíọ́mù di ọ̀wọ́n. Àwọn tó ń tà á ní àwọn ilé ìwòsàn ńlá ló kọ́kọ́ kàn. Hílíọ́mù inú Arúgbó ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìjọ wa gbé e sínú àdúrà. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi bi mí pé kí ni hílíọ́mù, mo ní òtútù ni. Ó ní, "Ṣé Ọlọ́run ò ní òtútù ni?" Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo gbé ìbéèrè yẹn délé.

Bàbá Òtútù kò fòyà púpọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ ẹ̀yìn ògiri bá ń ṣiṣẹ́, ìwọ̀nba tó kù yẹn á gbé e dé ìgbà tí òmíràn máa dé.

Ìgbà yẹn ni alábòójútó tuntun dé sílé ìwòsàn náà, obìnrin kan tí kì í pariwo, tó sì fẹ́ mọ ìdí owó iná wọn tó ń ga sí i. Ó ń wọ yàrá kan bọ́ sí òmíràn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Bàbá Òtútù, ó ń wo pínnì tó nà sínú afẹ́fẹ́.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Àfàìmọ̀ ni ò ní jẹ́ pé ẹ̀rọ yín yìí ló ń jẹ iná jù níbí."

Ó ti pẹ́ tí ẹnu ti ń yún Bàbá Òtútù kí ẹni ńlá kan bi í ní ìbéèrè yìí.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Màdáámù, ẹ má bà á lórúkọ jẹ́ o! Òòfà yìí kì í jẹ iná. Iná tí wọ́n fi sí i lọ́dún tí wọ́n bí ọmọ mi, òun náà ló ń yí po níbẹ̀ yẹn. Bí ẹ bá pa gbogbo iná ilé ìwòsàn yìí nísinsìnyí, pínnì yẹn ò ní mira."

"Háà! Kò jẹ iná rárá?"

"Òòfà yìí? Rárá o. Mo lè fi ọmọ mi búra."

Obìnrin náà mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó lọ. Bàbá Òtútù dúró síbẹ̀, inú rẹ̀ ń dùn bí ẹni tí wọ́n yin ọmọ rẹ̀ lójú rẹ̀. Òtítọ́ pọ́nńbélé ni gbogbo ohun tó sọ. Ohun tí kò fi kún un ni pé ẹ̀rọ ẹ̀yìn ògiri ń jẹ iná tọ̀sán tòru, àti pé bí ìyẹn bá dákẹ́ pẹ́, òtútù á lọ, òòfà á sì bá a lọ. Kò fi pa mọ́. Kò wá sí i lọ́kàn ni. Lójú àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yẹn, ìyẹn dà bí èémí. Ta ló ń rán ẹlòmíràn létí pé kó máa mí?

Ọlidé gígùn dé, wọ́n ti apá ibi tí Arúgbó wà pa. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọmọ rẹ̀ fẹ́ gboyè jáde. Ó ti tó ọdún mélòó kan tí Bàbá Òtútù kò ti kúrò nítòsí ẹ̀rọ rẹ̀. Dókítà kan ló lé e lọ: "Bàbá, ẹ lọ jàre. Ṣé yóò sá lọ ni?" Ó lọ. Ó wọ kóòtù, ó ya fọ́tò pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ó tún sọ ọ́ lójú àwọn ọ̀rẹ́ ọmọ náà pé ó kù díẹ̀ kó fa Arúgbó lé e lọ́wọ́.

Nígbà tí kò sí nílé, alábòójútó ní kí oníná, òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó iná ilé ìwòsàn, pa gbogbo ẹ̀rọ tí kò sẹ́ni tó ń lò. Oníná náà sọ fún Bàbá Òtútù nígbà tó yá, omi sì wà lójú rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́, pé òun béèrè: "Màdáámù, èyí tó wà lẹ́yìn yàrá àwòrán ńkọ́?" Alábòójútó ní, "Pa á. Bàbá fẹnu ara wọn sọ fún mi pé ẹ̀rọ àwọn kì í jẹ iná."

Nígbà tí Bàbá Òtútù dé, ó ti mọ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ pa rọ́rọ́. Kò sí ṣìn-ìn kankan. Agbálẹ̀ sáré pàdé rẹ̀.

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan náà la gbọ́ gbòà lórí òrùlé! Nǹkan funfun tú jáde bí èéfín, ó bo gbogbo àgbàlá. Gbogbo wa sá. Mo rò pé ayé ti parẹ́ ni."

Hílíọ́mù tó kù nìyẹn. Bàbá Òtútù kọjá lára rẹ̀ lọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó wo pínnì. Ó rọ̀ wálẹ̀ tààrà lẹ́nu òwú rẹ̀. Ó fi ìka ta á. Ó fì síwá, ó fì sẹ́yìn, ó dúró.

Alábòójútó náà kò sá fún un. Ó wá bá a nínú yàrá ọ̀hún, ojú rẹ̀ ti wú. "Bàbá, ẹ dárí jì mí. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ sọ fún mi."

"Èmi ni," Bàbá Òtútù ní. "Èmi ni mo sọ fún yín."

Ẹnjiníà kan wá láti ọ̀nà jíjìn. Ó fi mítà rẹ̀ kan ibí, ó fi kan ọ̀hún, ó sì bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. "Bàbá, wáyà ti jó nínú. Bí hílíọ́mù bá dé lọ́la gan-an, kò sí nǹkan tó kù tó máa mú tutù." Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ní àwọn kò ṣe irú rẹ̀ mọ́. Ìlú tó jìnnà ni àwọn aláìsàn ń lọ ya àwòrán báyìí. Àwọn mìíràn kò lè lọ.

Ìjọ wa dáwọ́ àdúrà hílíọ́mù dúró. Ẹnikẹ́ni kò sọ pé ká dá a dúró. A kàn ṣíwọ́ ni.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ Bàbá Òtútù pè é lórí fóònù. Ibi iṣẹ́ kan ti gbà á, ibi tí wọ́n ti ń ká wáyà fún àwọn òòfà tuntun, irú ibi tí àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ń wá tọkàntara.

"Bàbá mi, mo ti kọ̀ fún wọn. Wọ́n tiẹ̀ ti fi ẹlòmíràn sí i. Ilé ni mò ń bọ̀. Ṣé Arúgbó ń kọrin?"

Ẹ̀gbẹ́ ìkòkò tó wà lórí iná nílé ìdáná ni Bàbá Òtútù dúró sí. Ó gbọ́ bí omi ṣe ń hó.

"Ó ń kọrin, Ìyá mi."

Àná ló ní kí n wá bá òun nílé ìwòsàn. Wọ́n ti sọ yàrá náà di ibi tí wọ́n ń kó bẹ́ẹ̀dì tó ti bàjẹ́ sí. Irin ni gbogbo wọn, wọ́n fara ti Arúgbó níwá lẹ́yìn. Láyé àtijọ́, ìbá ti gbá wọn mọ́ra gbàgà láti ẹnu ọ̀nà. A jókòó sórí ọ̀kan. Kọ́kọ́rọ́ ilé mi wà lápò mi, kò sẹ́ni tó ní kí n yọ ọ́.

"Tíṣà," ó ní, "ẹ̀yin lẹ kọ́ ọmọ mi láti kékeré. Ó mọ̀ pé ẹ kì í purọ́."

"Ẹ jẹ́ ká gbàdúrà ná, Bàbá."

"Ẹ ti gbà á. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo ṣe àmín sí i." Kò fi ìbínú sọ ọ́. "Bó bá bi mí bó ṣe ṣẹlẹ̀, màá wí. N kò mọ irọ́ pa fún un lójúkojú. Orí fóònù nìkan ni mo ti lè ṣe é. Ó ti sọ iṣẹ́ nù nítorí mi. Bó bá wá mọ̀ pé ẹnu mi ló pa Arúgbó, kí ló kù tó máa fi pè mí ní bàbá?"

Ó na ọwọ́, ó gbá eruku kúrò lára ẹ̀rọ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Ọjọ́ Àbámẹ́ta ló ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ pàdé rẹ̀ ní ibùdókọ̀. Ẹ sọ fún un pé ọjọ́ ogbó ló pa Arúgbó. Ẹ̀yin ni kí ẹ sọ ọ́, Tíṣà. Bó bá ti ẹnu yín jáde, á gbà á gbọ́."