Àtẹ́lẹ́wọ́ Hansaben Lórí Òkúta

Ogójì ọdún ni Hansaben fi gbẹ́ òkúta ní ìlú Baroda ní ilẹ̀ Íńdíà. Ohun tó ń gbẹ́ kò jọ ènìyàn, kò jọ ẹranko. Ọ̀pọ̀ àlejò á wò ó, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á bá tiwọn lọ. Nígbà tó di ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, dókítà gbé àwòrán ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sókè síná, ó ní eruku òkúta ti kún ibẹ̀, kò gbọdọ̀ gbé òòlù mọ́.

Ranjan ọmọ rẹ̀ ní kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun ní Surat. Hansaben bẹ̀ ẹ́ kó fún òun ní oṣù mẹ́ta. Tí kò bá rí ohun kan ṣe tí òun fúnra rẹ̀ lè pè ní iṣẹ́, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò sì lọ.

Bó ṣe dé ọ̀dọ̀ Jethabhai nìyẹn, ẹni tó ń fi òkúta tẹ àwòrán. Èèyàn á fi pẹ́ńsù ọlọ́ràá yàwòrán sórí òkúta pẹlẹbẹ. Jethabhai á fi oògùn kùn ún, á fi omi rin ín, á wá yí rólà oníyíǹkì lé e. Ibi tí ọ̀rá wà nìkan ni yíǹkì ń dì mọ́. Kò sí gbígbẹ́, kò sí eruku.

"Ben, arábìnrin mi, ẹ má fi ọwọ́ lásán kan ojú òkúta mi o," ló sọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. "Ọ̀rá ara èèyàn kì í pamọ́ níbí."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá kọjá. Òbìrìkìtì ni Hansaben ń yà.

"Kí lèyí, ben? Ìdérí ìkòkò?"

"Ti ìyàwó rẹ ni. Ó ní kí n bá òun yà á."

Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Hansaben mọ̀ pé òótọ́ ni Jethabhai sọ. Ilà náà tọ́, kò kàn wúwo rárá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ó ra fafda gbígbóná, ìpápánu ìyẹ̀fun tí wọ́n fi òróró dín, ní ìkóríta bíi gbogbo ará Baroda, ó fi ata díndín jẹ ẹ́, ó sì fi etí sárì, aṣọ tó wé mọ́ra, nu ọwọ́. Kí Jethabhai tó dé, ó jókòó ti òkúta tó ti ya òbìrìkìtì sí, ó gbé àtẹ́lẹ́wọ́ lé e, bó ṣe ń ṣe sí gbogbo òkúta kó tó gbẹ́ ẹ. Òun gan-an kò mọ̀ pé òun ṣe é.

Lọ́sàn-án, bí rólà Jethabhai ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ọwọ́ kan bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òbìrìkìtì.

"Ta nìyí?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Fafda! Ẹ jẹ fafda tán, ẹ wá fi òkúta mi nu ọwọ́!"

"Sárì ni mo fi nu ọwọ́."

"Ẹ̀yin agbẹ́kùúta, ẹ ò lè rí òkúta kẹ́ ẹ má fọwọ́ pa á lára!" Ó mú abẹ. "Màá fá a kúrò."

"Kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́."

"Kí n fi bébà ṣòfò?"

"Tẹ̀ ẹ́, bhai, arákùnrin mi."

Hansaben gbé bébà náà lọ sójú fèrèsé. Òbìrìkìtì wà níbẹ̀ bí ohun tí wọ́n lẹ̀ mọ́gi. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yẹn fara ti nǹkan. Ó dúdú kìjikìji nídìí, ó fúyẹ́ lọ síbi ìka. Èèyàn lè mọ ibi tí ẹni tó ni ín gbé ìwúwo rẹ̀ sí. Ikọ́ gbé e títí Jethabhai fi bu omi wá.

"Nu gbogbo rẹ̀ kúrò," ni Hansaben wí.

Jethabhai da yanrìn àti omi sórí òkúta náà, ó ń lọ̀ ọ́, ó ń kùn.

Láti ọjọ́ náà, Hansaben kò mú pẹ́ńsù mọ́. Ó ń fi yíǹkì ọlọ́ràá pa ìdí àtẹ́lẹ́wọ́ àti ìgbọ̀nwọ́, ó sì ń fara ti òkúta náà bí ẹni tó fẹ́ yí àpáta. Márùn-ún bàjẹ́. Ìkẹfà jáde nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta kí oṣù mẹ́ta náà pé: kì í ṣe ọwọ́, kì í ṣe ohunkóhun tó lórúkọ, àfi ara dúdú kan tó jọ pé yóò já bébà bọ́ sílẹ̀. Jethabhai wò ó pẹ́. Kò yin ẹnikẹ́ni rí, kò sì yin Hansaben náà.

"Mélòó ni kí n tẹ̀?"

"Méjìlá."

Ní ìrọ̀lẹ́, Ranjan pè é lórí fóònù.

"Ba, ìyá mi, ọjọ́ wo ni kí n wá kó ẹrù yín?"

"Má tíì wá."

"Ikọ́ ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Ẹ ṣáà máa mu omi gbígbóná," ni Ranjan wí.